Ògiri Ẹ̀yìn Àga Ìwàásù

Vendelín Pexa kọ́ ìdajì ilé tó wà ní abúlé wa, ó sì tún ìdajì yòókù ṣe. Kò sí ààrò kan tó ń rú èéfín ní Podlipí tí kò fọwọ́ kàn rí. Ṣùgbọ́n ilé àdúrà tó wà ní ọ̀kánkán ilé rẹ̀, tó ń wò láti ojú fèrèsé ní gbogbo àárọ̀ tó bá ń mu kọfí, kò fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́rin. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin, màlúù tó ti rẹ̀ pàápàá lè fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sọdá rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹnu abúlé. Àwọn kan ní ó di kọ́múníìsì nígbà ìjọba ọjọ́un, pé ó fi Ọlọ́run pààrọ̀ ìwé ẹgbẹ́. Àwọn kan ní pásítọ̀ àtijọ́ kan ló bú u lójú agbo nítorí bíà. Ìyá mi ní tirẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń sá fún ilé Ọlọ́run, ohun kan wà tó ti jí gbé níbẹ̀. Èmi, Květuše Hadravová, tí mo ta sítáǹbù fún ogójì ọdún ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo sì ti di kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà mú fún ọdún méjìlélógún, mi ò gba ọ̀kankan gbọ́ nínú rẹ̀. Olóríkunkun ni mo pè é, mo sì máa ń sọ ọ́ sí i lójú.

"Bàbá Pexa, ọjọ́ wo gan-an lẹ máa wọ ilé àdúrà wá kí Ọ̀gá Jan?"

"Ọjọ́ tóun náà bá wá kí mi ni. Òun lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì lágbára, àbí? Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ péré ló ní nígbà tó kú."

Nígbà tí Anežka ìyàwó rẹ̀ kú, inú ilé àdúrà la ti kọrin ìdágbére fún un, nítorí obìnrin yẹn kì í pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà lóde, nínú òjò, ó ṣí fìlà lórí, ó ń gbọ́ orin wa láti ibẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò kí i fún oṣù méjì. Mo ní, irú ọkàn wo ló wà láyà ọkùnrin tó jẹ́ kí pósí aya rẹ̀ dá wọlé?

Ilé àdúrà náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Òkúta ni, òrùlé rẹ̀ ga, inú rẹ̀ sì máa ń tutù ní àárín oṣù kẹjọ bí àjà ilẹ̀ tí à ń kó ọ̀dùnkún sí. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n lé Ọ̀gá Jan Hus kúrò ní Prague, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, tó ń rìn káàkiri apá gúúsù ibí, tó ń dúró lábẹ́ igi wàásù fún àwọn àgbẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, ó sùn ní Podlipí, ó sì wàásù nínú ilé yìí. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n dáná sun ún nítorí ìwàásù rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ Òfin Mẹ́wàá sára ògiri, kí ẹni tí kò gbọ́ Látìn lè rí i kà. Ìgbà tí àwọn tó ṣẹ́gun wa dé, wọ́n fi ẹfun kùn ún mọ́lẹ̀. Kò sí ọmọ Podlipí tí kò mọ ìtàn yìí, inú wàrà ìyá wa la ti mu ún. Ohun tó kù ni pé kò sẹ́ni tó rí ìkọ̀wé náà sójú rí.

Ìjọ wa ti ku ẹni mọ́kànlá. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹni mẹ́fà á wá. Bí yìnyín bá bọ́, ó ku èmi àti Pásítọ̀ Tobiáš Vrbka, ọmọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí ẹ̀wà ń gùn, tí abúlé mẹ́rin sì ń pín lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ lókè. Wọ́n fẹ́ ta ilé náà. Ọkùnrin kan ti rí i, ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìgbafẹ́ tí àwọn ará ìlú ńlá á ti máa wá jókòó sínú omi gbígbóná, wáìnì lọ́wọ́. Àfi bí ìkọ̀wé pupa bá wà lábẹ́ ẹfun lóòótọ́. Bó bá wà, ìjọba á kọ ilé náà sínú ìwé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sẹ́ni tó máa lè tà á mọ́. A ó máa sin ara wa láti inú rẹ̀ títí a ó fi tán. Bí kò bá sí, àpótí òkúta lásán ni. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta àti obìnrin kan.

Radana lorúkọ obìnrin náà. Ó dé lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú àpò tó kún fún ọ̀bẹ kéékèèké bíi ti oníṣẹ́ abẹ, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya ní orúnkún méjèèjì. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí orúnkún náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ṣí ara ògiri àtijọ́ wò, ní ìwọ̀n ojú ìwé kan sí òmíràn, láìba ohun tó wà lábẹ́ jẹ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró sẹ́yìn mi, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

"Ọmọ mi, ibí yìí ni mo ti ń dúró kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ẹ kú ìdúró o. Ṣùgbọ́n ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀."

Mo sún. Ó rọra ha ẹfun, ó rọra ṣí amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kan ògiri gidi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ihò ni mo rí. Ihò kéékèèké, wọn ò lóǹkà, wọ́n sún mọ́ra bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà. Láàrin àwọn ihò náà, pupa wà, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.

"Kí nìyẹn?"

"Òòlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, Ìyá. Amọ̀ kì í di ògiri tó bá ń dán mú. Torí ẹ̀ ni bíríkìlà ṣe máa ń gún un kó tó rẹ́ ẹ."

"Ìkọ̀wé wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ẹ wo pupa yẹn. Irọ́ kọ́ làwọn bàbá yín pa." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ló dà báyìí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ṣí ojú méje. Méjèèje, bákan náà. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, mi ò lè wò ó mọ́. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò, mo jáde. Vendelín wà níwájú ilé rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bó ọ̀dùnkún fún ọbẹ̀ alẹ́.

"Květuše, ta ló gbá ẹ lójú tójú ẹ fi pọ́n báyẹn?"

"Wọ́n ti ba tiwa jẹ́!" Mo ń pariwo láàrin ọ̀nà, mi ò sì bìkítà. "Ẹranko kan tó ń pe ara ẹ̀ ní bíríkìlà ló fi òòlù gún Òfin Ọlọ́run wẹ́wẹ́! Ọwọ́ ẹni tó ṣe é, kó rọ! Níbi tó bá wà, kó rọ!"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ sínú abọ́. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ṣòkòtò, ó nà wọ́n sí mi.

"Àwọn rèé. Wọ́n ti rọ díẹ̀, làkúrègbé ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bó ọ̀dùnkún."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Mo jókòó ti abọ́ ọ̀dùnkún náà láì jẹ́ pé ẹnì kan ní kí n jókòó.

"Ọdún 1957 ni," ó bẹ̀rẹ̀. "Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, èmi ni mò ń bá a ṣe é. Àwọn alàgbà ìjọ ló gbé e fún un. Bàbá tìẹ náà wà lára wọn, má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti Prague fún ọjọ́ Ọ̀gá Jan. Ògiri ti bu, ó ń rùn. Wọ́n ní ká rẹ́ ẹ tuntun, kó funfun, kójú má tì wá."

"Torí Ọ̀gá Jan?"

"Torí Ọ̀gá Jan. Kílé ẹ̀ lè dùn ún wò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀rín tí kò dára. Ó dúró kí n rín in tán.

"A ha ẹfun àtijọ́ kúrò, pupa bá yọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó àtẹ́lẹwọ́. Èmi ò lè kà á, ìkọ̀wé ayé ijọ́un ni. Bàbá mi lè kà á. Ó ṣí fìlà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó dé fìlà ẹ̀ padà, ó ní, 'Máa gún un.'"

"Kò sọ nǹkan míì?"

"Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ó ní tá a bá sọ fáwọn alàgbà, wọ́n á fi ọdún kan jókòó lé e lórí, amọ̀ tá a ti pò á sì gan. Ó ní amọ̀ kì í di ògiri tó ń dán mú. Òótọ́ sì ni, kì í dì í mú." Ó mú ọ̀dùnkún kan, ó yí i lọ́wọ́, ó dá a padà. "Mo gún un fún ọjọ́ mẹ́rin. Pupa ń fọ́n sí mi lójú, ó ń wọ̀ mí lẹ́nu. Tí mo bá tutọ́, itọ́ mi á pọ́n."

Bàbá mi jẹ́ alàgbà. Òun ló kọ́ mi ní ìtàn ìkọ̀wé pupa, ó sì ń kọ́ mi títí ó fi kú, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò sì gún un. Ó ṣe é ṣe kí ó má mọ̀. Mo fẹ́ kí ó má mọ̀.

Nígbà náà ni Vendelín rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé àwọn adìẹ rẹ̀ lè gbọ́.

"Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò gún."

"Ẹ tún un sọ."

"Ẹ̀yìn àga ìwàásù. Ọjọ́ Ẹtì ni, bàbá mi lọ gba ẹfun sí i ní ibùdókọ̀ ojú irin, ibẹ̀ nìkan ló kù. Ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kan. Mo gbé òòlù, ọwọ́ mi ò lọ. Mo kan fi ẹfun ṣíṣàn kùn ún lójú lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá rẹ́ amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Mo ní tó bá tiẹ̀ já bọ́ lọ́jọ́ kan, àga á bò ó. Nígbà tí bàbá mi dé, ó wo ibẹ̀, ó ní, 'O yára.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Anežka nìkan ni mo sọ fún láyé mi."

"Ìdí tẹ́ ò fi wọlé mọ́ nìyẹn?"

"Tí mo bá wọlé, ojú mi á lọ síbẹ̀. Bàbá mi á rí i pé ojú mi lọ síbẹ̀. Nígbà tóun náà kú, ó ti mọ́ mi lára." Ó kọjú sí ilé àdúrà náà. "Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá ti wọlé, ó wà níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Ọdún márùndínláàádọ́rin! Gbogbo Ìsinmi tí mo ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn àga, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, bàbá arúgbó yìí sì ń mu kọfí rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Mo rán an létí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún wa. Mo ní kó wọ aṣọ gidi lọ́la.

Ó wọ kóòtù dúdú tó fi sin Anežka. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó sì ti fi abẹ gé ara rẹ̀ ní àgbọ̀n. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣí fìlà. Ó wo ìloro náà pẹ́ títí, mo sì rí i pé bí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, á padà sílé, nítorí náà mo gé ahọ́n mi jẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó gbé òsì tẹ̀ lé e.

"Ó ti kéré sí i," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

Kò wo àgbélébùú, kò wo ife tí a kùn ní góòlù sókè pẹpẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló wò. Ó fi oríkèé ìka kan ara ògiri bó ṣe ń lọ, ó ń tẹ́tí sí i, ó ń mi orí. Nígbà tó dé ibi àwọn ojú tí Radana ti ṣí, kò dúró.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ìyá ti sọ fún mi." Radana nu ọwọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Mi ò bínú sí yín o. Ògiri mẹ́wàá tí mo bá ṣí, mẹ́sàn-án ni wọ́n ti gún báyẹn. Ẹ̀yin nìkan kọ́."

"Ìyẹn ò tù mí nínú, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ẹ wá fi ibẹ̀ hàn mí."

Pásítọ̀ Vrbka ti débẹ̀ ṣáájú wa, ó ń bá àwọn bóòtù tó di àga ìwàásù mọ́ ilẹ̀ jà. Ó fi spánà yọ awọ ìka rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú Bíbélì.

"Gbé e wá, Pásítọ̀," Vendelín ní. "Orí ẹ̀ lo mọ̀ ọ́n gùn, o ò mọ ìdí ẹ̀."

Ó tú bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó sọ pé mo fẹ́ jókòó. A ti àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Vendelín mú ẹfun ìkọ̀wé, ó fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì.

"Láti ibí dé ibí. Orí ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo ti kúrú sí i."

"Báwo lẹ rò pó máa ṣe ṣí?" Radana bi í.

"Wẹ́rẹ́ ni. Kò sí ohun tó dì mú. Tó o bá ti ki ọ̀bẹ bọ etí ẹ̀ báyìí, ó máa ṣí lódidi, bí èèpo ẹyin sísè."

Mo ti se kọfí sínú fúláásìkì, mo sì gbé koláč bíi mẹ́wàá wá, àkàrà dídùn wa tí mo fi èso pọ́ọ̀mù sí láàrin. Pásítọ̀ nìkan ló jẹ nínú rẹ̀. Ó jẹ mẹ́ta, ó ní inú fu àyà fu ló ń jẹ́ kébi máa pa òun. Mo ń wo ọwọ́ Radana. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lọ́kàn mi: ìkọ̀wé náà tó yọ, ọkọ̀ àwọn àlejò tó kún ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ń bá wí pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo tiẹ̀ ti ń ronú ibi tí mo máa gbé tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ọmọ aráyé, ẹ wò ó bí a ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀bẹ wọ etí amọ̀ náà. Kò ṣí. Ó tún un kì bọ̀ ọ́ lápá òkè. Èérún bọ́ sílẹ̀, ìwọ̀nba bí iyọ̀ tí a fọ́n sọ́bẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ tó nípọn jù ú lọ, ó fi òòlù kékeré gbá a nídìí.

"Ó le o!" ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó rẹ́ eléyìí mọṣẹ́, Bàbá. Ó dì í mú bí eyín."

Ìyìn ló fi ṣe. Mo bojú wo Vendelín, mo sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú rẹ̀.

"Kò yẹ kó le," ó sọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ ọ. Mo kọ̀ kó yé mi. Mo ní lọ́kàn mi pé amọ̀ a máa le bó bá pẹ́, ẹfun a máa di òkúta, èmi tí mo ta sítáǹbù láyé mi, mo ń kọ́ bíríkìlà ní iṣẹ́ bíríkìlà. Wákàtí kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Vendelín kò jókòó, ó di fìlà rẹ̀ mú ní àyà. Aago kan kọjá dáadáa kí ẹyọ àkọ́kọ́ tó tóbi tó àwo oúnjẹ tó já bọ́.

Ihò ni. Ihò tó jìn ju ti àwọn ògiri yòókù lọ, tó sún mọ́ra jù wọ́n lọ, tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹyọ pupa kan kò kù níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣepé.

Radana tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ó wò ó, ó tún lọ wo ojú tó ṣí lánàá, ó padà wá. "Ó yà mí lẹ́nu," ó ní. "Gbogbo àwọn ihò tọ̀hún ló dagun sápá ọ̀tún. Àwọn yìí dagun sósì."

Vendelín na ọwọ́, ó ki ìka bọ ọ̀kan lára àwọn ihò náà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo mọ Matouš Pexa, bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó máa ń wá jẹun nílé wa bí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀, etí tábìlì sì ni ìyá mi máa ń fún un, kí ìgúnpá rẹ̀ má baà máa gbá ẹlòmíràn. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

Bàbá náà ti padà síbẹ̀. Ó ti tú iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gún ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣí fìlà kà, ó tún ibẹ̀ rẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Pásítọ̀ kò mọ Matouš Pexa, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí i. Ó dúró síwájú ògiri náà, èérún koláč wà ní kọ́là rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ràn. "Ta ló ṣe èyí?" ó ní. "Ẹ ní ẹ dá ibí sí, Bàbá. Ta ló wá ṣe é?"

"Èmi ni," Vendelín dáhùn.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Ìyá..."

"Mo ti di arúgbó. Mò ń lálàá, mo sì ń pè é ní òótọ́. Èmi ni mo gún gbogbo ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Ó lọ gba ẹfun."

Radana yọ ìwé kan nínú àpò, ó ní òun nílò ẹ̀rí ẹni tí iṣẹ́ náà ṣojú rẹ̀, fún àwọn ọ̀gá òun. Ó kọ ohun tí Vendelín sọ sílẹ̀, ìlà mẹ́rin péré ni. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rọra bi í.

"Bàbá, ọwọ́ wo lẹ fi ń ṣiṣẹ́?"

Vendelín gba bírò. Ó fi sí ọwọ́ òsì. Ó tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ahọ́n rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìwé náà ń yọ̀ lọ lábẹ́ bírò. Ó wọ́ bí orúkọ tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé kọ. Radana wo orúkọ náà pẹ́. Èmi, tí ọkùnrin yìí ti fi ọwọ́ ọ̀tún fọwọ́ síwèé níwájú mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní gbogbo oṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Radana ká ìwé náà sí méjì, ó fi í sápò.

"Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn," Pásítọ̀ ní. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí n wá fọwọ́ síwèé títà." Ó jáde lọ fun imú rẹ̀, kò sì tètè wọlé. Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n lọ fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní agbára tó kù.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo di apá Vendelín mú, a sọdá ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ń ràn kárí, àwọn ewéko ti yọ òdòdó, inú sì ń bí mi sí wọn. Nígbà tí a dé àárín ọ̀nà ó dúró.

"Ó mọ̀," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlélógún la ṣì fi jọ jẹun lórí tábìlì kan náà lẹ́yìn ìyẹn. Kò fẹnu bà á lẹ́ẹ̀kan."

"Bóyá ó ń dáàbò bò yín ni, Bàbá Pexa. Bóyá ó rò pé táwọn alàgbà bá rí i, wọ́n á..."

"Rárá, Květuše. Ó rí iṣẹ́ tí kò dáa, ó tún un ṣe. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. A dé géètì rẹ̀. Ó ń wá ìkọ́ géètì náà, kò rí i.

"Anežka sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ìwàásù kankan rí láyé òun," ó ní. "Ó ní tí pásítọ̀ bá ti gorí àga, ẹ̀yìn ẹ̀ lòun máa ń wò títí wọ́n á fi ṣe àmín. Tó bá délé, á ní, 'Ó ṣì wà níbẹ̀, Vendelín, mo bá ẹ wò ó.' Ó lé ní àádọ́ta ọdún. Ihò ló ń bá mi wò."

Mo bá a ṣí géètì náà, ó wọlé.